Ọkùnrin Olórúkọ Méjì

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí oògùn olóró. Ohun tí ó ń ṣe sí ọpọlọ, dókítà ni yóò sọ ọ́ yéni. Èmi fẹ́ sọ ti ọkùnrin kan tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà rán lọ bá àwọn oníṣòwò rẹ̀ ṣọ̀rẹ́.

Robert Mazur ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ owó-orí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di òṣìṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù ní Florida. Ní 1986, ó di Robert Musella, ọlọ́rọ̀ tí ń bá àwọn olówó kokéènì ti Colombia fi owó wọn pamọ́. Ẹ má rò pé ìbọn ni ó gbára lé. Àpò awọ ni ó ń gbé kiri, ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó ru ẹrù lè má mọ ọ̀gá rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n owó gbọ́dọ̀ dé ilé ọ̀gá. Ó tọ ipasẹ̀ owó náà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì BCCI, èyí tí ó ní ẹ̀ka káàkiri ayé, Nàìjíríà pẹ̀lú. Àwọn ọ̀mọ̀wé aláṣọ ìyì wọ̀nyí ni wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n ń kọ́ ọ bí a ti ń gbé owó gba ibi tí ojú òfin kò tó.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Bí a bá ń dá owó gbọ̀ngàn ìlú, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá kó owó ńlá kalẹ̀, ta ni ń bi í léèrè? Àtẹ́wọ́ ni a ń pa. Oyè ni ó sì ń tẹ̀lé e.

Mazur bá àwọn ènìyàn náà jẹ, ó bá wọn mu, ó mọ ìdílé wọn. Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ṣe bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1988, wọ́n pe àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí sí ìgbéyàwó ní Florida. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìgbéyàwó, a fi mọ́tò kó wọn bí ẹni ń lọ sí àríyá; àwọn agbófinró ni ó ń dúró dè wọ́n. BCCI gbà ní kóòtù ní 1990 pé òun jẹ̀bi. Ní 1991 a tì í pa.

Àwa olùkọ́ tí a ń na ọmọ nítorí irọ́, kí ni kí a wí sí ẹ̀tàn yìí? Lójú tèmi, ó tọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Mazur tún lọ sí DEA, ó sì tún fi orúkọ mìíràn wọ Panama. Ní gbogbo ìgbà náà, ó ní aya àti ọmọ méjì nílé. Nígbà tí ó wá ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn oníròyìn, ó ń fi ojú pamọ́.