Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Kọ́ṣẹ́ Prínńtà Lébẹ̀ẹ̀lì

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń jáde lónìí, mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀, torí òórùn ìrẹsì ti ń dé ibí.

Ẹ ó bá prínńtà Zebra pàdé nílé oògùn, ní ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó, kí wọ́n ṣáà ti to lébẹ̀ẹ̀lì sójú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, ló yé wọn. Kò burú. Àmọ́ lọ́jọ́ tí prínńtà bá yarí, ẹni tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ZPL, èdè tí prínńtà Zebra gbọ́, ni wọ́n á wá kàn.

^XA la fi ń bẹ̀rẹ̀, ^XZ la fi ń parí. Bí ẹ bá gbàgbé ^XZ, prínńtà ò ní pariwo, kò sì ní sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe. Ńṣe ni yóò máa retí ìyókù ọ̀rọ̀. Mo ti rí àgbà oníṣẹ́ tó tú prínńtà palẹ̀ nítorí àmì kan ṣoṣo yìí.

Ibi tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni ^FO, tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Dọ́ọ̀tì ló ń kà, kì í ka mìlímítà. Lórí prínńtà 203 dpi, dọ́ọ̀tì 8 ló wà nínú mìlímítà kan. Lórí ti 300 dpi, 12 ni. Nítorí náà, ^FO80,40 tó fi mìlímítà 10 jìnnà sí etí òsì lórí ti àkọ́kọ́, kò ní tó 7 lórí èkejì. Oníbàárà á ní ẹ ba iṣẹ́ òun jẹ́, bẹ́ẹ̀ kóòdù yín ò yí padà. Ẹ kọ́kọ́ fi ~WC ránṣẹ́, kí prínńtà fúnra rẹ̀ tẹ irú ẹni tó jẹ́ jáde.

Mo tún bẹ̀ yín nítorí orúkọ wa. Láìsí ^CI28, tó ń sọ fún prínńtà pé UTF-8 la fi kọ ọ̀rọ̀, Ṣ inú Ṣọlá á fọ́ sí àmì ṣákálá mẹ́ta. Bí ẹ bá sì fi ^CI28 sí i, tí fọ́ǹtì inú prínńtà ò ní lẹ́tà náà, asán ni: ẹ gbé fọ́ǹtì tó ní in wọlé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kúkú kọ Shola, ọ̀lẹ ni.

Kẹ́ ẹ tó kọ ^PQ500 láti tẹ lébẹ̀ẹ̀lì 500, ẹ kọ ^PQ1 láti tẹ ẹyọ kan, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ ka bákóòdù rẹ̀ wò.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Èmi nìkan ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní bákóòdù níbí báyìí. Ẹni tó bá ríṣẹ́ nítòsí nínú yín, kó jọ̀ọ́, kó máa yà wá wá ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé.