Màlúù Tí Ń Jẹun Tí Kò Sanra

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Festac)

 

Ariwo pọ̀ lórí màlúù ọdún tí a dáwó rà. Ẹ ní méjì ni a rà, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ rí jẹ. Àwọn kan tilẹ̀ ní àwa tí ẹ yàn ti ta èkejì fún alápatà. A kò bínú. Ẹni tí ó dáwó ni ó ní ẹnu láti bèèrè. Ẹ jẹ́ kí a rojọ́.

Ọ̀kan nínú màlúù náà rù. Ó ń jẹ koríko bí ẹni tí ebi ń pa, síbẹ̀ eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹni tí ó tà á fún wa ní wàhálà trélà láti Òkè Ọya ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí ojú ẹran ń rí lọ́nà. Aràn inú náà lè fà á. Àwọn kan ní kí a pa á ní ẹ̀yìnkùlé ní Amuwo, kí a má baà san owó odò ẹran. A kọ̀. Nígbà tí dókítà ẹran la inú rẹ̀ ní odò ẹran, ìfun rẹ̀ ti nípọn, ó sì hunjọ bí awọ iwájú orí arúgbó. Dókítà ní ẹran náà kò gbọdọ̀ dé ìkòkò ẹnikẹ́ni. Ojú wa ni wọ́n ṣe dà á nù. Ó ní òun kò lè dárúkọ àrùn náà láìṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ń ṣe ẹran báyìí, tí wọ́n ń pè ní àrùn Johne. Ohun tí a wádìí nípa rẹ̀ nìyí.

Ọ̀gbẹ́ni Johne, ará Jámánì, àti Frothingham, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1895. Kòkòrò tí ń fà á jẹ́ ìbátan èyí tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, ṣùgbọ́n inú ìfun ni tirẹ̀ ń gbé. Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ ni ó ń bá jà: màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́. Láti kékeré ni ọmọ màlúù ti ń kó o, nínú wàrà ìyá rẹ̀ tàbí lára ọmú tí ẹlẹ́bọ́tọ ti kàn. Kò ní hàn. Fún ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún, màlúù náà á máa rìn, á máa bímọ, á sì máa fi ìgbẹ́ tú kòkòrò ká. Lẹ́yìn náà ìfun á nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kò ní lè ṣe ara lóore mọ́. Bí ẹ kó gbogbo koríko Festac fún un, kò ní sanra. Kò sí oògùn tí ń wò ó sàn. Kòkòrò náà lè wà nínú ilẹ̀ tútù fún bí ọdún kan. Ti àgùntàn àti ewúrẹ́ tún burú, nítorí wọn kì í sábà ya gbuuru. Wọn á kàn máa rù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àgbò ní Alaba Rago, ẹ gbọ́ o.

Ẹnìkan bi wá pé, màlúù kan ṣoṣo, ṣé ìyẹn ni àrùn tó gbòde? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn onímọ̀ ní bí ẹ bá rí ọ̀kan tí àrùn yìí ti sọ di eegun nínú agbo, ó ṣeé ṣe kí 15 sí 25 mìíràn ti kó o, tí ara wọn ṣì ń dán. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pàápàá kì í tètè rí wọn. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba yẹ oko màlúù oníwàrà wò ní 2007: nínú oko 100, nǹkan bí 68 ni kòkòrò náà wà. Nínú àwọn oko ńlá tí màlúù wọn tó 500, ó tó 95. Ilẹ̀ tí dókítà ẹran pọ̀ sí ni ẹ gbọ́ yìí o! Ríra màlúù láti oko kan sí òmíràn ni ó ń gbé e wọlé.

Nílé níhìn-ín, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti tọpa ìbátan rẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù, ní odò ẹran Bódìjà. Ní 2006 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí kòkòrò ti màlúù lára àwọn ènìyàn kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe ní Ìbàdàn. Ti Johne ní tirẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ó ní ọwọ́ nínú àrùn ìfun kan tí ń ṣe ènìyàn. Kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú. Àwa ní tiwa ti ń se wàrà kí ó hó kí a tó mu ún.

Bí a bá ti pa màlúù yẹn ní ẹ̀yìnkùlé, à bá ti jẹ ẹ́ tán, kò sì sí ẹni tí ì bá kà á mọ́ àwọn tó ń ṣàìsàn.

Nípa ti owó: a lọ bá ẹni tí ó tà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí ó tó dá ìdajì padà. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò, ẹ lọ wò ó. Àbá wa fún ọdún tí ń bọ̀ ni pé kí a san ìdajì nígbà tí a bá mú ẹran, kí a san ìyókù lẹ́yìn tí dókítà ẹran bá ti lu òǹtẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ń kó màlúù, ẹ fọ ìgbẹ́ kúrò nínú ọkọ̀ kí ẹ tó kó òmíràn. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá fún yín ní omi àti àkókò, ẹ wá sọ fún wa, iṣẹ́ wa nìyẹn. Ní ìpàdé tí ń bọ̀ ni a ó dìbò lórí àbá náà.