Pàṣán Wà Lájà: Ọ̀rọ̀ lórí Agbára Ìjọba àti Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìlọrin

  Ẹ̀yin tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀ wá síbí láìtíì sùn, a mọ rírì yín. A kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gùn jù.

Ohun tí ẹgbẹ́ ní kí a bá yín sọ ni ọ̀rọ̀ agbára ìjọba àti ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà nìyẹn, pé owó oṣù àti owó epo ọkọ̀ ni ó kàn wá. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé kò lè bèèrè owó oṣù.

Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Inú òwe yìí ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ lónìí wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ilẹ̀ wa tì í lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, àwọn ológun gba ìjọba. Ọ̀gágun Muhammadu Buhari di olórí ìjọba. Ọ̀gágun Tunde Idiagbon, ọmọ Ìlọrin wa níbí, di igbákejì rẹ̀. L'ọ́dún 1984 wọ́n ṣe òfin kan tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Dìkíríì 2. Òfin náà fún igbákejì yìí ní agbára láti fọwọ́ sí ìwé pé kí a ti ẹnikẹ́ni mọ́lé fún oṣù 3, bí ó bá ti gbà pé ẹni náà léwu fún ààbò ìlú, tàbí pé ó dá kún ìnira ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè. Bí oṣù 3 bá pé, wọ́n lè fi òmíràn kún un.

Ẹ gbọ́ apá kejì yẹn dáadáa. Ìnira ọrọ̀ ajé! Ta ni a kò lè fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ mú? Ẹni tí ó yanṣẹ́ lódì ńkọ́? Òfin náà kò bèèrè fún ìgbẹ́jọ́, ó sì sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Ibẹ̀ gan-an ni oró rẹ̀ wà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

L'ọ́dún kan náà ni Dìkíríì 4 jáde, èyí tí ó de ẹnu àwọn oníwèé ìròyìn. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo. Ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń fi iyì pe orúkọ Idiagbon. Wọ́n ní kò kówó jẹ, wọ́n ní ètò WAI ọdún 1984 ni ó kọ́ ará ìlú láti tò sórí ìlà ní ibùdókọ̀. A kò wá síbí láti ba orúkọ olóògbé jẹ́. Ìlọrin níbí ni ó kú sí l'ọ́dún 1999, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Bí ó jẹ́ ẹni rere tàbí ẹni líle, ìyẹn kọ́ ni à ń bèèrè. Ohun tí à ń bèèrè ni pé, nígbà tí ó kúrò lórí àlééfà, ọwọ́ ta ni pàṣán náà bọ́ sí?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Mẹ́kà ni Idiagbon wà, ó lọ ṣe iṣẹ́ Hájì. Ó padà wálé, wọ́n sì tì í mọ́lé. Òun àti Buhari wà ní àtìmọ́lé títí di oṣù Kejìlá ọdún 1988, ó lé ní ọdún 3, láìsí pé wọ́n gbé wọn dé iwájú adájọ́ kankan. Ẹni tí òfin fi bíírò àtìmọ́lé sí lọ́wọ́ lánàá, òun náà kò rí kóòtù tí yóò ké sí. Ìyálé ti jẹ nínú pàṣán, ẹ̀yin ará.

Babangida fagi lé Dìkíríì 4, inú àwọn oníròyìn dùn. Ṣùgbọ́n ó fi Dìkíríì 2 sílẹ̀ lájà. Nígbà tí Ọ̀gágun Sani Abacha dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, ó bá a níbẹ̀. Ìgbà yìí ni ó wá kan àwa òṣìṣẹ́.

Ní oṣù Keje ọdún 1994, NUPENG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo tí àwọn awakọ̀ tánkà wà nínú rẹ̀, yanṣẹ́ lódì nítorí ìdìbò June 12 ọdún 1993 tí ìjọba fagi lé. Ní oṣù Kẹjọ, ìjọba tú àwọn aláṣẹ NUPENG, PENGASSAN àti NLC ká, ó sì fi àwọn alábòójútó tirẹ̀ jókòó lé ẹgbẹ́ wọn lórí. Wọ́n mú Frank Kokori, akọ̀wé àgbà NUPENG. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún 4 ní àtìmọ́lé láìsí ìgbẹ́jọ́. Ìgbà tí Abacha kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1998 ni ó tó jáde. Kokori di olóògbé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ má ṣe gbàgbé rẹ̀.

Ẹ ò rí i pé pàṣán kan náà ni. Àwọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un l'ọ́dún 1984 rò pé ẹ̀yìn olóṣèlú olè ni yóò máa bà.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé l'ọ́dún 1999, Dìkíríì 2 kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ gba ìhà gúúsù Kwara mọ ohun tí àwọn ajínigbé fi ojú wa rí. Ní gáréèjì, à ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé: "Kí ìjọba gbé gbogbo ẹni tí ó bá fura sí, kóòtù ń fi àkókò ṣòfò." Ìbínú yẹn yé wa, nítorí àwa náà ń rìn l'ọ́nà yẹn. Ṣùgbọ́n kóòtù kò ní kí ọlọ́pàá má mú olè. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé, ṣé olè náà ni ẹ mú? Bí a bá gba ìbéèrè yẹn lẹ́nu adájọ́, awakọ̀ tí ó kàn gbé èrò lójú ọ̀nà lè di ajínigbé lójú ìwé, kí olè gan-an sì máa rìn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa. Abala 35 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé bí wọ́n bá mú ọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ láàrin wákàtí 24, ní èdè tí ó yé ọ. Bí Yorùbá ni ó yé ọ, Yorùbá ni kí wọ́n sọ. O ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí ìwọ yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹni tí o bá fẹ́ fọ̀ràn lọ̀. Níbi tí kóòtù bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé ọ débẹ̀, àfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tí ìdájọ́ ikú wà fún. Kò sí ibi tí kóòtù jìnnà sí nínú Ìlọrin. Bí wọ́n bá sì tì ọ́ mọ́lé lòdì sí òfin, o ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtanràn àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba.

Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán, a kò sì gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Àwa aṣojú yín ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá rí nítorí àbúrò awakọ̀ kan tí wọ́n mú nígbà tí wọn kò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A kò lọ jà. A jókòó, a fi ọ̀wọ̀ bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ náà ṣẹ̀, a sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rí nǹkan kọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti wálé.

Abala 40 ni ó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti pé jọ àti láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP pe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, pé ọmọ ìlú kò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kí ó tó ṣe ìpàdé ìta gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ìpàdé kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti fọ́ gíláàsì ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá fọ́ ọ, kí ó má fi orúkọ ẹgbẹ́ bojú.

Ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Kí olúkúlùkù fi nọ́ńbà fóònù akọ̀wé ẹ̀ka sápò. Bí wọ́n bá mú ẹnìkan, kí ẹni tí ó wà nítòsí kọ ọjọ́, aago àti àgọ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, kí ó sì pè wá lójú ẹsẹ̀. Bí owó lọ́yà kò bá sí, Legal Aid Council tí ìjọba dá sílẹ̀ l'ọ́dún 1976 wà fún tálákà. A óò bá yín dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èyí tí ó kẹ́yìn: bí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba kan, ì báà jẹ́ èyí tí a dìbò fún, fẹ́ gba agbára tí kóòtù kò ní lè yẹ̀ wò, kí ẹ má ṣe bèèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ nà. Ẹ wo òkè àjà.

 Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa l'ọ́nà àti lẹ́nu ẹ̀rọ.