Fìlà Funfun, Akẹtẹ̀ àti Orúkọ Àdúgbò: Àmì Ìdánimọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó

  

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àmì tí a fi ń dá ìjọba ìbílẹ̀ wa mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti pátákó ẹnu ọ̀nà sẹkitéríàtì ni, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ní 2003, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá àgbègbè ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀, wọ́n pín wa sí méjì, Lagos Island àti Lagos Island East. Ṣùgbọ́n ilà tí wọ́n fà sórí ìwé kò kan fìlà funfun. Ọjọ́rà wà ní apá Àpápá, Elégùṣì wà ní Ìkátẹ, Olóto wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Síbẹ̀ Ìdéjọ ni gbogbo wọn bíi Àrómirẹ́, ọ̀kan náà sì ni fìlà orí wọn.

Fìlà yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjánì, ní Àpápá, tí àwọn ilé-ẹjọ́ ibí sì dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù, ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó dání. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre pé ti àwùjọ onílẹ̀ ni ilẹ̀ náà, kí ìjọba san owó rẹ̀ pé. Ọ̀pá náà kò sì dùn mọ́ ìjọba nínú. Wọ́n ní àwọn kò mọ Èṣùgbàyí lọ́ba mọ́. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì di 1931 kí ó tó padà sílé.

Èyọ̀ ń kọ́? Adámú Òrìṣà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: Òrìṣà. Ẹ̀yẹ òkú ni. Èyí tí a ń kà sí àkọ́kọ́ ní Èkó, ní 1854, Ọba Akítóyè tó wàjà ni a fi ṣe é. Lónìí àwòrán rẹ̀ wà lára kálẹ́ńdà àti àpò ìtajà. Èmi kò bá ẹni tó yà á jà. Ohun tó ń dùn mí ni ọmọ Èkó tó wọ̀ ọ́ sọ́rùn tí kò mọ̀ pé Adímú ló kọ́kọ́ ń jáde ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, pẹ̀lú akẹtẹ̀ dúdú. Pé Lábà tó tẹ̀lé e ní ọjọ́ Ajé ló ni pupa, Oníko ló ni àwọ̀ ìyeyè, Ológẹ̀dẹ̀ ló ni àwọ̀ ewé, Àgẹ̀rẹ̀ ló ni àwọ̀ àlùkò. Ó mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà pàdé Èyọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè ìdí, ẹ̀rù ọ̀pámbàtà nìkan ni yóò sọ.

Àmì kan tún wà tí a kì í kà kún un: ẹnu wa. Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, Ìdúntàfà, Ìdúngànràn: ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó tó túmọ̀ sí àdúgbò ló ṣíwájú wọn. Àwọn tó ń jà pé Àwórì nìkan ló ni Èkó, àti àwọn tó ní Ìbíní nìkan ni (ìjà yìí sì ti sú mi), wọ́n á jọ wọkọ̀ kan náà, wọ́n á jọ pè é pé, “Ìdúmọ̀tà wà o!”

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó gbé mi wá. Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà lẹ́bàá ojúde Tinúbú, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní 11 Oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé tó ní ìwé ààbò nìyẹn. Ojúbọ agboolé tí ṣọ́ọ̀bù ti yí ká, tí kò sí nínú ìwé kankan, ta ni yóò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìkẹ́rùsí?

Nítorí náà, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí ọmọ ìgà kọ̀ọ̀kan tó wà níbí kọ orúkọ ìgà rẹ̀ sílẹ̀, òrìṣà tó wà níbẹ̀, àti ẹni tó ń bọ ọ́ báyìí. Bí kò bá sí ẹni tó ń bọ ọ́ mọ́, kí ó kọ ìyẹn náà. Bébà lásán tó. Èmi yóò kọ́kọ́ mú tèmi wá.