Ẹ Má Pe Gbogbo Rẹ̀ Ní Ọjọ́ Orí

Bí a ṣe ṣe ayẹyẹ ọdún kẹwàá yìí, a ó ṣe ogún ọdún, ẹsẹ̀ wa kò sì ní yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gan-an ni mo bá dìde. Ẹ rántí ìpàdé kan tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, tí mo ń rìn lọ láìmọ̀, tí ọmọdé kan gbé e sáré tẹ̀ lé mi. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. A ní àgbà ló dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín tán. Ó ti pẹ́ tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Àárọ̀ ni ó ti máa ń rẹ̀ mí. Bí mo bá fẹnu kan ata, ahọ́n mi á máa ta mí. Oúnjẹ díẹ̀, inú mi á kún. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, mo sì lo oògùn rẹ̀ fún ọdún méjì.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló wo ahọ́n mi, tó fi òwú kan ẹsẹ̀ mi, tó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ẹ̀jẹ̀ kò tó lára mi, hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà níbẹ̀ sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Fítámì B12 ti lọ sílẹ̀ gidigidi. Wọ́n tún rí ohun ìjà tí ara mi ń fi bá ikùn mi jà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Níkẹyìn, wọ́n ti kámẹ́rà kékeré gba ọ̀nà ọ̀fun mi wọ ikùn, wọ́n gé ẹran bíńtín lókè àti nísàlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òkè ti bàjẹ́, ìsàlẹ̀ dára. Àmì àìsàn yìí nìyẹn.

Ọmọ ogun wà nínú ara wa tó ń bá àrùn jà. Nígbà mìíràn wọ́n á ṣi ọ̀tá mọ̀, bí ọlọ́dẹ tó yìnbọn fún onílé. Nínú ikùn, wọ́n á pa àwọn tó ń pèsè omi kíkan tó ń da oúnjẹ, tí wọ́n tún ń pèsè ohun tó ń gbé B12 wọ ara. Bí a bá ń jẹ ẹ̀dọ̀, ẹja àti ẹyin lójoojúmọ́, díẹ̀ ni yóò wọlé. Àyè irin tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ náà á dín kù. Èyí tó wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ wa sì lè gbé wa fún ọdún mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí àìsàn náà fi ń yọ́ wọlé.

Láyé àtijọ́, ikú ni. Ní 1926, Minot àti Murphy ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀dọ̀ jíjẹ lọ́pọ̀lọpọ̀ ń gba aláìsàn là. Ní 1948, wọ́n rí B12 yọ jáde nínú ẹ̀dọ̀. Lónìí, abẹ́rẹ́ ni. Èmi ń gba tèmi lóṣooṣù, n ó sì máa gbà á títí ayé, nítorí ohun tó kú nínú ikùn kì í sábà jí. Wọ́n á tún máa fi kámẹ́rà wò mí lóòrèkóòrè, kí koko má baà dàgbà níbẹ̀.

Ara mi ti yá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì mi kò padà bọ̀ sípò tán. Mo pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ó bá ń rẹ̀ yín, tí ẹsẹ̀ ń kú, tí ahọ́n ń ta yín, ẹ má kàn lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Folic acid nìkan lè mú ẹ̀jẹ̀ gbé pẹ́ẹ́lí, kí iṣan ara sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí dókítà wo B12 yín, pàápàá bí àrùn tí ara fi ń bá ara jà bá wà nínú ẹbí yín.

Bí bàtà bá tún bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa, ẹ jẹ́ ká bá a gbé e, ká sì bá a dé ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́.