Èéfín Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Ohun tí Ó Ń Sọ



Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná, àwọn kan nínú wa sì tún ń wa èyí tí baba wọn fi sílẹ̀. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé bí èéfín bá ti yọ nídìí rẹ̀, wọn a ní kí a tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, owó iṣu ọdún kan a sì bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ èéfín náà, àti ìgbà tí ó ń yọ.

Bí ó bá dúdú, epo bẹntiróòlù ni ó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bóyá ṣóòkì ni a gbàgbé, bóyá eruku ọyẹ́ ti dí àsẹ́ afẹ́fẹ́, bóyá fúlóòtì inú kabúrétọ̀ ti lu, tí epo sì ń ṣàn jù. Èyí kò tó ohun à ń tú ẹ́ńjìnnì sí.

Èyí tí ó jọ aró ni ó gba àròjinlẹ̀. Ọ́ìlì ni ó ń jóná, ṣùgbọ́n ibo ni ó gbà wọlé? Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ nìkan ni ó ń rú, tí ó sì ń dá láìpẹ́, tàbí tí ó rú túú nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ òkè tán tí a tún tẹ iná mọ́ ọn, ọ̀nà tí ọ̀pá fáàfù ń gbà tàbí rọ́bà rẹ̀ ni ó ti gbó. Orí ẹ́ńjìnnì nìkan ni iṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rú nígbà tí ẹrù wúwo tí a sì ń gun òkè, ríìngì ni a ó fura sí. Kí mẹkáníìkì wọn ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà, kí ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì, kí ó sì tún un wọ̀n. Bí ìwọ̀n náà bá gòkè dáadáa, ríìngì ni lóòótọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ̀n, ṣùgbọ́n tí ó ti mú sípánà lọ́wọ́, ẹ ní kí ó ṣe sùúrù ná.

Funfun ń kọ́? Ní àárọ̀ ọyẹ́, ooru omi lásán ni. Bí kò bá lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín láìjò sílẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ẹ má wà á dé Ajàṣẹ́-Ìpo: alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì 504, ooru àpọ̀jù a sì máa mú un wọ́. Àwọn tí ó ní Ìjàpá Volkswagen bọ́ nínú èyí, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì tiwọn lára.

Èyí tí ojú kò rí ni ó burú jù. Gáàsì kan wà nínú èéfín, carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ dúdú ni ó ń tú u jáde jù. Bí sáléńsà bá lu, tí ilẹ̀ ọkọ̀ sì ti dípẹtà, yóò wọ ibi tí àwọn ọmọ jókòó sí. Orí yóò máa fọ́ wọn, oorun yóò máa kùn wọ́n, a ó sì rò pé àárẹ̀ ìrìn-àjò ni. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé wọn síta sí afẹ́fẹ́, kí ẹ sì dí ihò náà kí ọkọ̀ tó tún gbé ènìyàn.