Kí A Tó Fọwọ́ Sí Owó Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí akápò ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa bá àwọn aṣojú sọ



Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín ni owó tí wọ́n fẹ́ kí a fọwọ́ sí lónìí, kí a lè fi ra kọ̀ǹpútà ńlá mìíràn. Inú èrè tó yẹ kí a pín fún ara wa ni owó náà yóò ti jáde. N kò wá láti ta ko ìgbìmọ̀. Ohun tí ojú wa rí ní ẹgbẹ́ tiwa ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ tó nawọ́ sókè.

Ní ìparí oṣù, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá béèrè iye tó ní nípamọ́ kí ó lè yá owó, akọ̀wé á tẹ kọ̀ǹpútà, gbogbo wa á sì jókòó máa wò ó. Àwọn ìyá tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ á dúró títí oòrùn á fi mú. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Akápò, ṣé ìwé ńlá ìjọ́sí kò yá ju èyí lọ?” Ojú tì mí, nítorí òótọ́ ni. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa ní ẹ̀rọ náà ti kéré jù, kí a ra òmíràn. A rà á. Ó yá fún oṣù mélòó kan, ó tún padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 4,000, tí olúkúlùkù ń san owó ìpamọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lẹ́yìn ọdún 10, ìlà 480,000 ni yóò wà nínú àkọsílẹ̀. Bí kò bá sí atọ́ka, kọ̀ǹpútà yóò ka gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀ kí ó tó rí ìlà 120 tó jẹ́ ti ìyá kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tuntun á kàn yára kà á ni, kò ní ṣàìkà á. Ìlà sì ń pọ̀ sí i lóṣooṣù.

Atọ́ka yìí kò yàtọ̀ sí èyí tó ń wà lẹ́yìn ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ní nǹkan bí ọdún 1970 ni Rudolf Bayer àti Edward McCreight, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Boeing l'Amẹ́ríkà, ṣe irú atọ́ka kan tí wọ́n pè ní B-tree. Òun ni ọ̀pọ̀ ètò àkọsílẹ̀ ṣì ń lò títí dòní. Bí ojú ewé kan nínú rẹ̀ bá lè tọ́ka sí ibi 100, ìpele 3 péré ti tó fún ìlà 1,000,000.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá yẹ iṣẹ́ wa wò fi atọ́ka kan ṣoṣo sórí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́. Kò gbà á ní ìdajì ọjọ́. Kí ìyá wa tó jókòó dáadáa, iye rẹ̀ ti jáde.

Nọ́ńbà ni mo wí o, kì í ṣe orúkọ. Ẹni tó bá ń wá gbogbo orúkọ tí “bọ́lá” wà ní àárín tàbí ìparí rẹ̀ yóò ṣì ka gbogbo ìwé tán, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ni wọ́n fi ń to atọ́ka. Ẹ̀yin náà sì mọ iye ọ̀nà tí àwọn akọ̀wé wa ń gbà kọ Ṣadé!

Èyí tó dùn wá jù ni ti ìṣirò èlé. Ètò tí wọ́n kọ fún wa ń béèrè àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà 4,000. Ẹni tó fẹ́ ra ata 4,000 kì í rán ọmọ lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan fún ata kan. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìbéèrè kan ṣoṣo, iṣẹ́ tí a máa ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì wá ń parí kí a tó jẹun ọ̀sán.

Àwa náà sì ṣàṣejù. Nígbà tí a rí adùn atọ́ka, a fi sí ibi gbogbo. Ni owó tí a ń gbà lọ́jọ́ ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, nítorí iye tí a bá kọ, kọ̀ǹpútà ní láti kọ ọ́ sínú atọ́ka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. A yọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò kúrò.

Ohun kan wà tí mo kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní a lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ pé owó ti wọlé kí ó tó kọ ọ́ sínú dísìkì, pé yóò yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, yóò yá. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú yẹn, rìsíìtì á wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, owó rẹ̀ kò ní sí nínú ìwé. Ta ni yóò dá a lóhùn?

Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ pé ìbéèrè wo ló ń pẹ́ jù. PostgreSQL àti MySQL ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ EXPLAIN. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ṣíwájú ìbéèrè, yóò fi hàn bóyá atọ́ka ni kọ̀ǹpútà yóò lò tàbí yóò ka gbogbo ìwé. Kí ó tẹ̀ ẹ́ lójú yín. Bí atọ́ka bá wà níbi tó yẹ, tí ẹ̀rọ kò sì lè gbé iṣẹ́ náà mọ́, ẹ ra òmíràn, èmi náà á nawọ́.

Alága, mo dábàá pé kí a sún ọ̀rọ̀ owó yìí sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí a lè yẹ ẹ̀rọ tí a ní wò.